Iṣẹ́ abẹ kókó abẹ́ itan nítorí jẹjẹrẹ awọ ara: kí la lè ṣe kí ojú ọgbẹ́ má baà bàjẹ́?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 63 ni bàbá mi, télọ̀ ni wọ́n ní Òṣogbo. Ó ti lé lọ́dún kan tí àmì dúdú kan ti wà ní gìgísẹ̀ wọn, a rò pé ìṣó ló gún wọn. Nígbà tí wọ́n gé e kúrò, àyẹ̀wò fi hàn pé jẹjẹrẹ awọ ara tí wọ́n ń pè ní melanoma ni. Ní báyìí, kókó kan ti yọ ní abẹ́ itan wọn lẹ́sẹ̀ kan náà. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa nǹkan níbẹ̀, wọ́n ní jẹjẹrẹ náà ti débẹ̀, pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i làwọn máa ṣiṣẹ́ abẹ láti kó gbogbo kókó ibẹ̀ kúrò. Bàbá ní ìtọ̀ ṣúgà, wọ́n sì ń mu sìgá díẹ̀díẹ̀. Ẹnìkan ládùúgbò wa ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí, oṣù mẹ́rin ni ọgbẹ́ rẹ̀ fi ń ṣomi. Àwọn èèyàn ti ń sọ pé ká máa fi omi gbígbóná jó o, ká sì máa tú kápúsù ampiclox dà sí i. Kí la lè ṣe kí ti Bàbá má baà rí bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú àníyàn Bàbá, ẹ sì kú ìtọ́jú wọn. Ó dára púpọ̀ tí ẹ béèrè nígbà tó ṣì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, torí púpọ̀ nínú ohun tó ń ba irú ọgbẹ́ yìí jẹ́, ṣáájú iṣẹ́ abẹ ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan lè máa sọ fún yín pé jẹjẹrẹ awọ ara kì í ṣe àìsàn aláwọ̀ dúdú. Ó ń ṣe wá o. Lára tiwa, àtẹ́lẹsẹ̀, gìgísẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná ni melanoma sábà máa ń fojú hàn sí, níbi tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Abẹ́ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ni ti Bob Marley ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1977 ni wọ́n mọ̀ pé òun ni, ó sì gbẹ̀mí rẹ̀ ní 1981. Bó bá sì ti jẹ́ ẹsẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, àwọn kókó kéékèèké (lymph node) tí ara gbogbo wa ní ní abẹ́ itan, níbi tí itan ti pàdé ikùn, ló sábà máa ń kọ́kọ́ tàn dé.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn, torí òun ni gbogbo ìyókù ọ̀rọ̀ mi rọ̀ mọ́. Yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀, omi kan wà tó máa ń ṣàn láti ẹsẹ̀ gòkè, inú àwọn ọ̀nà tín-ín-rín tó gba abẹ́ itan kọjá ló sì ń tọ̀. Àwọn kókó yẹn wà lójú ọ̀nà náà. Bí dókítà bá fẹ́ kó wọn kúrò, kò sí bó ṣe máa ṣe é tí kò ní gé àwọn ọ̀nà omi yẹn. Ẹ wo gọ́tà àdúgbò tí wọ́n dí pa: òjò ò ní torí ìyẹn dáwọ́ dúró, àgbàlá àwọn èèyàn ni omi máa yà sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi ẹsẹ̀ Bàbá á ṣe máa dà sínú àyè tí wọ́n ti yọ kókó, títí ara á fi la ọ̀nà míì fún un.

Ọ̀rọ̀ awọ tó bo ibẹ̀ náà tún wà. Kí dókítà tó lè dé ibi tí kókó wà, ó ní láti ká awọ náà sókè, kó sì fi í sílẹ̀ ní fẹ́lẹ́. Nígbà tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, á gé púpọ̀ nínú àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tó ń bọ́ awọ náà. Ẹ wá fi kún un pé abẹ́ itan máa ń láàágùn, ó súnmọ́ ojú ìdí, ó sì máa ń ká ní gbogbo ìgbà téèyàn bá jókòó. Omi tó kó jọ sójú kan, awọ tí ẹ̀jẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ dé, àti kòkòrò tí kò jìnnà, àwọn ló ń fa gbogbo wàhálà. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn káàkiri àgbáyé, ó máa ń tó bí ìdajì àwọn tí wọ́n ṣe é fún ní abẹ́ itan tí ojú ọgbẹ́ wọn máa ń ní ìṣòro kan tàbí òmíràn. Ti abíyá kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mi ò sọ ọ́ láti dẹ́rù bà yín. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé bí omi bá jáde díẹ̀, kì í ṣe pé dókítà ò mọṣẹ́, kí ẹ má sì fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìtọ́jú tí mo fẹ́ sọ.

Ṣé dandan ni kí wọ́n kó gbogbo kókó ibẹ̀? Fún ti Bàbá, bẹ́ẹ̀ ni lójú tèmi, torí kókó náà ti hàn síta, abẹ́rẹ́ sì ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Àmọ́ mo mọ̀ pé àwọn míì á ka ìdáhùn yìí tí kókó tiwọn ò wú rárá, tó jẹ́ pé kókó kan tàbí méjì tí wọ́n yọ fún àyẹ̀wò ni wọ́n ti rí jẹjẹrẹ bíńtín. Fún irú wọn, ìwádìí MSLT-II tí èsì rẹ̀ jáde ní 2017 fi hàn pé kíkó gbogbo ìyókù kúrò kò mú kí wọ́n pẹ́ láyé ju àwọn tí wọ́n kàn ń fi ultrasound ṣọ́ lọ. Ohun tó fi kún ni wíwú ẹsẹ̀ tàbí apá: bí èèyàn 24 nínú 100 láàárín àwọn tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀, bí 6 péré nínú 100 láàárín àwọn tí wọ́n ń ṣọ́. Ẹni tó bá wà nírú ipò yẹn, kó bi dókítà rẹ̀ dáadáa kó tó buwọ́ lu ìwé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kù yìí. Ṣúgà ni kí ẹ kọ́kọ́ gbájú mọ́. Ẹ ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò HbA1c, èyí tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ dókítà máa ń fẹ́ kó wà lábẹ́ 8% fún iṣẹ́ abẹ tí kò kánjú. Ti Bàbá ò lè dúró kí nọ́ńbà yẹn tó sọ̀kalẹ̀, torí jẹjẹrẹ ò ní dúró. Ṣùgbọ́n ṣúgà ojoojúmọ́ lè wálẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bí wọ́n bá tún oògùn wọn tò, ì báà jẹ́ insulin ni wọ́n máa lò fúngbà díẹ̀. Láti àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ títí di ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, ohun tí à ń wá ni kí ṣúgà má kọjá 180 mg/dL. Bí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń yẹ ṣúgà wò bá wà nílé, ẹ máa kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ẹ mú ìwé náà dání lọ sí kílíníìkì.

Sìgá ní láti dúró lónìí. Kí ẹ má wulẹ̀ dúró dìgbà tí iṣẹ́ abẹ bá ku ọ̀la. Nicotine máa ń fún àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké, àwọn yẹn gan-an sì ni awọ fẹ́lẹ́ náà gbójú lé kó má baà kú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin la máa ń fẹ́ kéèyàn fi jáwọ́ ṣáájú. Mẹ́ta náà á ṣe púpọ̀. Kí wọ́n má sì fi áṣáà rọ́pò rẹ̀, torí nicotine ló wà nínú òun náà. Mo mọ̀ pé ó ṣòro kí ọmọ máa pàṣẹ irú èyí fún bàbá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí dókítà tó máa ṣiṣẹ́ abẹ náà bá wọn sọ ọ́ lójúkojú, ọ̀pọ̀ bàbá ló ń gbọ́ lẹ́nu dókítà ohun tí wọn ò gbọ́ lẹ́nu ọmọ.

Ẹ yẹ gìgísẹ̀ wọn wò. Bí ibi tí wọ́n gé níbẹ̀ ò bá tíì jinná, tó ń ṣọyún tàbí tó ń rùn, kí dókítà mọ̀ kó tó di ọjọ́ náà, torí ọ̀nà abẹ́ itan ni kòkòrò tó wà lẹ́sẹ̀ ń gbà gòkè. Ní ti oúnjẹ, ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ẹyin, ẹja, wàrà, ẹran tí kò lọ́ràá, àwọn ni ara fi ń rán ọgbẹ́. Kí ẹ̀bà kéré nínú àwo, kí ẹja pọ̀ sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí Bàbá yàgò fún ẹyin tàbí ẹ̀wà nítorí ọgbẹ́, ẹ má gbà.

Kí wọ́n fi ọṣẹ wẹ̀ ní alẹ́ tó ṣáájú àti láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bíléèdì fá irun abẹ́ wọn nílé, ì báà jẹ́ pé ìmọ́tótó lẹ fi ń ṣe. Bíléèdì máa ń fi ojú gígé tí a ò lè rí sílẹ̀, ibẹ̀ ni kòkòrò máa ń gbà wọlé. Bó bá pọn dandan kí wọ́n gé irun náà, kílípà ni wọ́n máa lò nílé ìwòsàn. Abẹ́rẹ́ apakòkòrò tó ṣe pàtàkì jù ni èyí tí wọ́n máa fún wọn láàárín wákàtí kan ṣáájú kí ọ̀bẹ tó kan ara. Kò sí ẹ̀rí pé kíkó oògùn apakòkòrò mì fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko lẹ́yìn náà ń dáàbò bo ọgbẹ́ tí kò tíì ní àìsàn kankan. Ẹ tún lè bi dókítà bóyá ó máa lè dá òpó ẹ̀jẹ̀ gígùn tó gba abẹ́ awọ itan sí, àti bóyá ó máa yí iṣan iwájú itan bo òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá ibẹ̀, kí òpó náà má baà wà níhòhò bí awọ orí rẹ̀ bá ṣí. Àwọn ilé ìwòsàn kan wà tó ń fi kámẹ́rà gba ojú ihò kéékèèké ṣe é. Ojú ọgbẹ́ irú ìyẹn kì í sábà ṣí, ṣùgbọ́n omi ṣì máa ń kó jọ. Báńdéèjì tó ní ẹ̀rọ tó ń fa atẹ́gùn náà wà, owó rẹ̀ wọ́n, èsì ìwádìí lórí rẹ̀ ò sì tíì ṣọ̀kan, torí náà ẹ má lọ tà nǹkan ìní nítorí rẹ̀.

Nígbà tí Bàbá bá jáde ní tíátà, ẹ máa rí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti ẹ̀gbẹ́ ọgbẹ́ jáde, tó wọnú ike rírọ̀ kan. Rọ́bà yìí ni ọ̀nà tí wọ́n là fún omi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn máa ń dá aláìsàn padà sílé pẹ̀lú rẹ̀, nítorí náà ọwọ́ ẹ̀yin ọmọ ni ìtọ́jú rẹ̀ máa bọ́ sí. Kí ẹ tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì fi hàn yín, kí ẹ̀yin náà sì ṣe é lójú rẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí: ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín mọ́ tónítóní. Ẹ ṣí ìdérí ike náà, ẹ da ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú ife tó ní ìlà nọ́ńbà lára, kí ẹ wo iye rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ fún ike náà títí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fi jáde tán, kí ẹ sì dé e pa nígbà tó ṣì wà ní fífún. Bí ẹ bá tú ọwọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó dé e, á fẹ̀ padà, kò sì ní fa omi kankan mọ́. Ibí yìí ni mo ti máa ń rí àṣìṣe jù lọ: ike tó ti fẹ̀, tó kàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn, tí gbogbo ilé rò pé ó ń ṣiṣẹ́, nígbà tó jẹ́ pé abẹ́ awọ ni omi ń kó jọ sí.

Ẹ máa dà á láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ẹ máa kọ iye àti àwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Á kọ́kọ́ pupa, á wá ṣí díẹ̀díẹ̀, á sì di àwọ̀ ìyeyè. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì bá há sínú rọ́bà, ẹ fi ìka méjì di rọ́bà náà mú ṣinṣin níbi tó ti jáde lára, kó má baà fa ara wọn, kí ẹ fi ọwọ́ kejì fún un bọ̀ sápá ike. Ẹ fi pín-ìn-nì so ike mọ́ aṣọ wọn, kó máa wà nísàlẹ̀ ọgbẹ́ nígbà gbogbo. Bí omi tó ń wọlé bá ṣàdédé dúró, tí abẹ́ itan sì ń wú, rọ́bà ti dí nìyẹn, ẹ pe ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Nígbà tí omi bá ti wálẹ̀ sí nǹkan bí mílílítà 30 sí 50 láàárín wákàtí 24, fún ọjọ́ méjì léra, ni wọ́n sábà máa ń yọ rọ́bà. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, nígbà míì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá tètè yọ ọ́, omi á kó jọ. Bó bá sì pẹ́ jù, kòkòrò lè gba ara rẹ̀ wọlé. Ìwé tí ẹ ń kọ yẹn ni dókítà máa wò kó tó pinnu.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ọ́, ibẹ̀ lè wú díẹ̀. Bó bá rọ̀, tí kò gbóná, tí kò dunni, tí ibà ò sì sí, omi lásán ni, púpọ̀ nínú rẹ̀ ara máa ń fà á padà. Bó bá pọ̀, dókítà á fà á pẹ̀lú ohun èlò tí wọ́n ti pa kòkòrò ara rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí oníkẹ́míìsì kankan ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Omi tó mọ́ tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ ìdọ̀tí gún, ọyún ló máa dà.

Ọ̀rọ̀ omi gbígbóná kàn wàyí, mo sì bẹ̀ yín gidigidi lórí rẹ̀. Nínú iṣẹ́ abẹ yìí, wọ́n sábà máa ń gé àwọn iṣan ìmọ̀lára tó lọ sí iwájú itan. Ibẹ̀ máa kú tipiri fún oṣù púpọ̀, àwọn míì ò ní mọ nǹkan kan lára níbẹ̀ mọ́ títí láé. Ẹni tó ń fi táwẹ̀lì jó o á máa bi Bàbá pé "Ṣó gbóná jù?" Wọ́n á ní rárá, tọkàntọkàn ni wọ́n sì fi sọ ọ́, torí wọn ò mọ̀ ọ́n lára, nígbà tí awọ ti ń bó lábẹ́ táwẹ̀lì. Awọ tí ẹ̀jẹ̀ ò tíì dé dáadáa ò sì ní lè wo iná tó jó o sàn. Fífi ọwọ́ ra á mọ́lẹ̀ náà kò dáa ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wọ̀nyí.

Ampiclox tí wọ́n ní kí ẹ máa dà sí i, oògùn mímì ni. Bí ẹ bá da lúbúlúbú rẹ̀ sójú ọgbẹ́, á dì mọ́ omi, á di èèpá tó máa bo ohun tó yẹ kí dókítà rí mọ́lẹ̀, ó sì lè mú kí ara ta. Bákan náà ni jẹ́ńṣọ̀n, hydrogen peroxide, àdí àti eérú: ẹ má fi ìkankan síbẹ̀. Gọ́ọ̀sì tó mọ́ tó, àti omi iyọ̀ ilé ìwòsàn bí ojú ọgbẹ́ bá ṣí. Nígbà tí dókítà bá ti gbà kí wọ́n wẹ̀, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan ibẹ̀, kí wọ́n fi táwẹ̀lì mímọ́ tẹ̀ ẹ́ gbẹ, láìfi ra á. Ibi tí awọ ti ká mọ́ra wọn gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa. Kí wọ́n wọ ṣòkòtò òwú tó tú sílẹ̀, kí wọ́n má fi páúdà sí i.

Kì í ṣe pé kí Bàbá kàn dùbúlẹ̀ o. Dídùbúlẹ̀ gbọọrọ kì í mú kí ọgbẹ́ tètè jinná, ó sì lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sínú ẹsẹ̀. Bí dókítà bá ti yọ̀ọ̀da, kí wọ́n dìde lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n máa rìn díẹ̀díẹ̀ láàárín ilé, kí wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ sókè lórí ìrọ̀rí nígbà ìsinmi. Ohun tí wọn ò gbọ́dọ̀ ṣe ni kíká abẹ́ itan pọ̀ jù: kò sí lílọ́ṣọ̀ọ́, kò sí jíjókòó pẹ́ sórí àga kúkúrú. Bó bá jẹ́ Mùsùlùmí ni wọ́n, kí wọ́n má tíì forí kanlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kírun. Ẹ̀sìn gba aláìsàn láyè láti kírun lórí ìjókòó tàbí ní ìdùbúlẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ àfáà yín. Máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ náà, kí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọmọṣẹ́ títí ojú ọgbẹ́ á fi pa dé, torí gbogbo ìtẹ̀sẹ̀ ló ń fa okùn tí wọ́n fi rán an. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí wọ́n tó yọ okùn náà fún ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà.

Ìwé tí wọ́n máa ń fún aláìsàn sábà máa ń sọ pé kéèyàn máa ṣọ́ bóyá ojú ọgbẹ́ pọ́n. Lára dúdú, pípọ́n yẹn kì í sábà hàn. Ẹ wo bóyá awọ ibẹ̀ dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó ń dán, tó le. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan itan méjèèjì, kí ẹ mọ èyí tó gbóná jù. Bí ibi tó gbóná náà bá ń fẹ̀ sí i, bí ibà bá dé 38, bí òtútù bá ń mú wọn, bí ọyún tàbí òórùn bá ń jáde, bí etí awọ bá ń dú bí èyí tó kú, ẹ má dúró di ọjọ́ kílíníìkì. Bí ẹran ẹ̀yìn ojúgun bá wú tó ń dùn wọ́n, tàbí mímí bá ṣòro, bóyá ẹ̀jẹ̀ ló dì, ẹ gbé wọn lọ ní kíá. Bí ẹ̀jẹ̀ pupa rokoso bá ń tú jáde, ẹ fi aṣọ mímọ́ àti àtẹ́lẹwọ́ tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an, ẹ má ṣí i wò, kí ẹnìkan tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi dé ilé ìwòsàn. Kì í sábà ṣẹlẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ kì í dààmú.

Lórí wíwú ẹsẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá máa wúlò. Kí wọ́n fi téèpù wọn wọn ẹsẹ̀ méjèèjì báyìí, kó tó di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ: ọrùn ẹsẹ̀, ibi tí ẹran ẹ̀yìn ojúgun ti tóbi jù, àti sẹ̀ǹtímítà 10 lókè orúnkún. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan lóṣù lẹ́yìn náà. Bí ẹsẹ̀ yẹn bá bẹ̀rẹ̀ sí í sanra ju èkejì lọ, kí ẹ tètè sọ, torí ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí wíwú náà ṣì rọ̀, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ gbọ́dọ̀ ti jinná kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Kí wọ́n máa fi ìpara pa ẹsẹ̀ náà kó má sán, kí wọ́n máa nu àárín ọmọ ìka gbẹ, kí wọ́n má rìn láìwọ bàtà. Bí ẹsẹ̀ yẹn bá ṣàdédé gbóná tí ibà sì dé, ì báà jẹ́ ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, ọjọ́ yẹn náà ni kí wọ́n lọ gba oògùn apakòkòrò.

Ẹ ṣe àyẹ̀wò HbA1c yẹn láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ kọ èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú orúkọ oògùn ṣúgà tí Bàbá ń lò àti bí ojú ọgbẹ́ gìgísẹ̀ wọn ṣe rí.